Bí A Ṣe Ń Tún Fáìlì Ìṣètò àti Kọ̀ǹténà Ṣe Láti Ojú Terminal: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Bójú Tó Sáfà Ẹgbẹ́, Iléèwé àti Ilé Ìwòsàn

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà lórí WhatsApp yóò rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ọ̀daràn já wọlé sí àwọn lára. Àṣẹ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn pa nígbà iṣẹ́ àtúnṣe ló já okùn tó so àwọn ilé kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ káàkiri ayé. Ètò tó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wò, kó sì dá a dúró, ní àléébù. Kò dá a dúró.

Sáfà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti iléèwé aládàáni tàbí ti ilé ìwòsàn àdúgbò kò tóbi tó ti Facebook, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe kan náà lè dé bá a. Ẹni tó ń bójú tó o sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó ń fi ọwọ́ kan ṣe iṣẹ́ yìí, tó ń fi ọwọ́ kejì ṣe òmíràn. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ àlàyé yìí. Kókó rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní: ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà láìní ọ̀nà tí ẹ ó gbà padà síbi tí ẹ ti wá. Èkejì: ẹ rí i dájú pé ibi tí ẹ kọ àyípadà náà sí kì í ṣe ibi tí yóò ti parẹ́ lọ́la.

Kí ni fáìlì ìṣètò?

Fáìlì ìṣètò jẹ́ ìwé tí sọ́fítíwíà máa ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó lè mọ bí a ṣe fẹ́ kó ṣe é: iye ènìyàn tó lè gbà wọlé, ibi tó ti máa rí dátà, ẹni tó gbọ́dọ̀ dáhùn àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dá lóhùn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, inú àpò tí à ń pè ní /etc ni ọ̀pọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ lásán tí ènìyàn lè kà ló wà nínú wọn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìlà tó bá ní àmì # níwájú jẹ́ àkíyèsí fún ènìyàn. Kọ̀ǹpútà kì í kà á sí.

Ìdí tí a fi ń lo terminal fún irú iṣẹ́ yìí ni pé sáfà kì í sábà ní ojú tí a lè máa tẹ àwòrán lórí rẹ̀. Ilé kọ̀ǹpútà kan tó jìnnà ló máa ń wà, ètò tó ń jẹ́ SSH ni a sì fi ń dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀, nítorí náà dátà díẹ̀ ló ń gbà, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dára tó. Àǹfààní mìíràn ni pé a lè kọ àṣẹ tí a lò sínú ìwé, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa lè tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe é.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa tẹ̀ lé

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ náà ní ìkànnì tí ọmọ ẹgbẹ́ ti lè fi fóònù ya àwòrán tẹ́là báńkì rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ kí akápò lè kọ owó náà sí orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé àwòrán kò lọ mọ́, nọ́ńbà 413 ló ń jáde. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Fóònù tuntun ń ya àwòrán tó tóbi, nginx tó ń gba àlejò fún ìkànnì náà kì í sì í gba ẹrù tó bá ju mẹ́gábáìtì kan lọ, àfi tí a bá sọ fún un. Ìlà kan ṣoṣo ló máa tún un ṣe:

client_max_body_size 10m;

Ìlà náà kò le. Bí a ṣe máa kọ ọ́ láìba ohun tó kù jẹ́ ni iṣẹ́.

Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ọ́

*nano.* Òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń kọ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ctrl pẹ̀lú W ni a fi ń wá ọ̀rọ̀, Ctrl pẹ̀lú O ni a fi ń tọ́jú ohun tí a kọ, Ctrl pẹ̀lú X ni a fi ń jáde.

*vi.* Bill Joy ló ṣe é ní ọdún 1976, nígbà tó wà ní yunifásítì California ní Berkeley. Ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ọ́n díẹ̀, nítorí a máa ń bá a lórí sáfà tí kò ní nano. Ẹ tẹ lẹ́tà i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ tẹ Esc, kí ẹ wá tẹ :wq láti tọ́jú rẹ̀ kí ẹ sì jáde. Bí ọwọ́ yín bá ti kó ìdàrúdàpọ̀ wọ inú ìwé náà, Esc àti :q! yóò mú yín jáde láìtọ́jú ohunkóhun.

*sed.* Lee McMahon ló ṣe é ní Bell Labs láàárín ọdún 1973 sí 1974. Kì í ṣí ìwé síwájú yín. Ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó wá àti èyí tí ẹ fẹ́ kó fi rọ́pò rẹ̀, òun yóò sì ṣe é. Ó dára nígbà tí ọ̀rọ̀ kan náà bá wà níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lò ó láìfi -i sí i, kó kàn fi èsì hàn yín lójú terminal:

sed 's/body_size 1m/body_size 10m/' default.conf

Bí èsì náà bá tẹ́ yín lọ́rùn, nígbà náà ni kí ẹ tó lo sed -i.bak, èyí tí yóò tọ́jú fáìlì àtijọ́ kó tó kọ tuntun.

Fún fáìlì tó jẹ́ ti ọ̀gá sáfà nìkan, ẹ lo sudoedit. Ẹ̀dà ni yóò gbé fún yín láti kọ̀wé sí, ìgbà tí ẹ bá sì ti tọ́jú rẹ̀ tán ni yóò tó fi rọ́pò ojúlówó. Ní ti fáìlì sudoers tó ń sọ ẹni tó lè pàṣẹ bí ọ̀gá, visudo nìkan ni kí ẹ máa fi ṣí i, nítorí ó máa ń yẹ ohun tí ẹ kọ wò kó tó gbà á. Àṣìṣe nínú fáìlì yẹn lè lé ẹ̀yin fúnra yín jáde nílé ara yín.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún tí kò yẹ kí a fo ọ̀kankan

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà.

cp -p default.conf default.conf.atijo

Ẹ ṣọ́ra nípa orúkọ tí ẹ fún un. Nínú àpò conf.d, gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .conf ni nginx máa ń kà. Bí ẹ bá pe ẹ̀dà náà ní atijo.conf, yóò ka ti àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀, ìṣòro tuntun yóò sì wọlé.

2. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́rin padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó ba iṣẹ́ jẹ́ nínú wọn.

3. Ẹ fi ti tuntun wé ti àtijọ́.

diff -u default.conf.atijo default.conf

Ìlà tó ní àmì àròpọ̀ níwájú ni ẹ fi kún un. Ìlà tó ní àmì ìyọkúrò ni ẹ yọ. Bí ẹ bá rí ìlà tí ẹ kò rántí pé ẹ fọwọ́ kàn, ẹ dúró níbẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà náà yẹ ìwé rẹ̀ wò. Fún nginx, àṣẹ náà ni nginx -t. Fún SSH, sudo sshd -t ni. Bí sẹmikólọ́ọ̀nù kan bá sọnù, nginx -t yóò sọ fáìlì àti ìlà tí ìṣòro wà.

5. Ẹ sọ fún un kó tún ìwé kà, ẹ má ṣe pa á kí ẹ tún tàn án. Àṣẹ nginx -s reload kì í lé àlejò tó wà nílé jáde. Bí ìwé tuntun bá ní àṣìṣe, nginx yóò máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á tí ìwé rẹ̀ sì ní àṣìṣe, kò ní dìde mọ́, ìkànnì yóò sì kú títí ẹ ó fi rí àṣìṣe náà.

Kí ni kọ̀ǹténà, kí sì ni ó fi yàtọ̀?

Ẹni tó bá ti dé èbúté Àpápá ti rí kọ̀ǹténà. Ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, bákan náà ni ọkọ̀ ojú omi, kíréènì àti ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń gbé e. Inú irú èrò yẹn ni orúkọ kọ̀ǹténà ti kọ̀ǹpútà ti wá. A kó sọ́fítíwíà àti gbogbo ohun tó nílò sínú àpótí kan, kó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Docker, tí wọ́n fi han gbogbo ayé ní ọdún 2013, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé inú ohun tí wọ́n ń pè ní image ni kọ̀ǹténà ti ń jáde, bí búlọ́ọ̀kù ti ń jáde láti inú mọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá wọ inú kọ̀ǹténà lọ, tí ẹ sì yí ìwé padà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù kan yẹn nìkan ni ẹ fọwọ́ kàn. Mọ́ọ̀dù wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá dá kọ̀ǹténà náà dúró tí ẹ tún tàn án, àyípadà yín yóò ṣì wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, tí ẹ sì mú tuntun jáde, bóyá nítorí pé ẹ fẹ́ lo image tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun gbogbo tí ẹ kọ sínú rẹ̀ yóò bá a lọ. Ìdí nìyí tí ìṣòro tí a ti yanjú fi máa ń padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, àṣẹ bíi docker compose exec web sh, tó ń mú yín wọ inú kọ̀ǹténà, wà fún wíwo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìta, lórí sáfà gan-an, ni kí ẹ kọ àyípadà sí, kí ẹ sì so ibẹ̀ mọ́ inú kọ̀ǹténà. Inú fáìlì compose.yaml ni a ti ń sọ ọ́:

services:
  web:
    image: nginx:1.27
    ports:
      - "80:80"
    volumes:
      - ./nginx:/etc/nginx/conf.d:ro

Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé àpò nginx tó wà lórí sáfà ni kí kọ̀ǹténà máa rí bíi /etc/nginx/conf.d. Lẹ́tà ro tó parí rẹ̀ túmọ̀ sí pé kọ̀ǹténà lè kà á ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i. Báyìí, ẹ lè yọ kọ̀ǹténà kúrò nígbà mẹ́wàá. Client_max_body_size tí ẹ kọ kò ní sọnù. Ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún yóò wá rí báyìí:

docker compose exec web nginx -t
docker compose exec web nginx -s reload

Ẹ kíyè sí i pé àpò ni a so, kì í ṣe fáìlì kan. Ìdí wà fún un. Bí sed -i bá tún fáìlì ṣe, kì í kọ̀wé sínú fáìlì àtijọ́. Fáìlì tuntun ló ń ṣe, tó ń fún un ní orúkọ ti àtijọ́. Kọ̀ǹténà tí a so mọ́ fáìlì kan ṣoṣo yóò ṣì máa di ti àtijọ́ mú títí a ó fi pa á kí a tún tàn án. Ẹ ó rí àyípadà yín lórí sáfà, nginx kò ní rí i, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe tí kò sí. Bí ó bá jẹ́ àpò ni ẹ so, ìṣòro yìí kò ní wáyé.

Bí a ṣe ń tún compose.yaml ṣe

Fáìlì yìí kì í gba bọ́tìnnì Tab. Àyè ni kí ẹ fi máa ta ọ̀rọ̀ sínú, iye àyè tó wà níwájú ìlà ló sì ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ohun mìíràn. Ẹ máa fi àmì àyọlò yí nọ́ńbà port ká gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lókè yìí, nítorí pé àwọn nọ́ńbà kan tó ní kólọ́ọ̀nù láàárín lè di ìṣirò mìíràn lójú ètò tó ń ka ìwé náà. Kí ẹ tó lo ohun tí ẹ kọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

docker compose config --quiet

Bí kò bá sọ nǹkan kan, ìwé náà ṣeé kà. Bí ẹ bá yọ --quiet kúrò, yóò tẹ gbogbo ìṣètò náà síta, títí kan ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ẹ má ṣe ya àwòrán èsì yẹn sínú gúrúùpù WhatsApp nígbà tí ẹ bá ń wá ìrànlọ́wọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn yóò yí compose.yaml padà, yóò sì pa àṣẹ docker compose restart. Àṣẹ yẹn yóò tún tan kọ̀ǹténà ti àtijọ́ ni, kò ní ka ohun tuntun tí ẹ kọ. Èyí tó ń kà á ni:

docker compose up -d

Lẹ́tà kan tó lè pa àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ́

Àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í gbé inú kọ̀ǹténà. Inú ohun tí Docker ń pè ní volume ló yẹ kó wà, kó lè máa wà lẹ́yìn tí kọ̀ǹténà bá ti lọ. Àṣẹ docker compose down ń yọ kọ̀ǹténà kúrò, ó sì ń fi volume sílẹ̀. Ṣùgbọ́n docker compose down -v ń yọ àwọn volume tí a dárúkọ nínú compose.yaml kúrò pẹ̀lú. Lẹ́tà kan yìí ló wà láàárín kí ìkànnì sinmi fún ìṣẹ́jú kan àti kí àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá parẹ́. Docker kò ní béèrè bóyá ó dá yín lójú.

Ẹ máa ṣe ẹ̀dà dátà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ PostgreSQL ni ẹgbẹ́ ń lò, tí orúkọ rẹ̀ nínú compose.yaml sì jẹ́ db, àṣẹ náà lè rí báyìí:

docker compose exec -T db pg_dump -U egbe egbe > egbe.sql

Ẹ gbé ẹ̀dà náà kúrò lórí sáfà lọ síbòmíràn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbìyànjú láti fi ẹ̀dà náà tún dátà tò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan pa àpò dátà rẹ́ lórí sáfà tí kì í ṣe èyí tó fẹ́ pa á rẹ́ lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni iléeṣẹ́ náà tó mọ̀ pé àwọn ọ̀nà tí àwọn rò pé àwọn fi ń ṣe ẹ̀dà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà tí a kò tíì dán wò kò tíì di ẹ̀dà.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àti ẹnu ọ̀nà

Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sínú compose.yaml fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì .env, kí ẹ fi chmod 600 .env tì í kí ẹlòmíràn lórí sáfà má lè kà á, kí ẹ sì rí i pé kò bá àwọn ìwé yòókù lọ síbi tí ẹ ti ń pín wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá láṣẹ láti lo docker inspect ṣì lè rí ohun tó ti ibẹ̀ wọ kọ̀ǹténà. Nítorí náà, ẹni tí ẹ fún ní agbára láti lo Docker, ẹ ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé POSTGRES_PASSWORD ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá àká dátà sílẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá yí i padà nínú .env lẹ́yìn náà, ti àtijọ́ ni PostgreSQL yóò ṣì máa béèrè, àfi tí ẹ bá yí i padà nínú PostgreSQL fúnra rẹ̀.

Ní ti àwọn ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní port, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ufw ti dáàbò bo sáfà wọn. Port tí ẹ bá kọ sábẹ́ ports nínú compose.yaml, Docker fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí i, kò sì ní gba ọ̀dọ̀ ufw kọjá. Bí ẹ bá kọ "5432:5432" sábẹ́ db, ẹ ti ṣílẹ̀kùn àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ fún gbogbo ayé. Bí web nìkan ló ń bá db sọ̀rọ̀, kò sí ìdí láti kọ ports sábẹ́ db rárá. Bí ẹ bá fẹ́ máa dé ibẹ̀ láti orí sáfà fúnra rẹ̀, ẹ kọ "127.0.0.1:5432:5432".

Èyí kọjá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fi ojúṣe lé ẹni tó bá ń tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìwé ìlera tàbí àkọsílẹ̀ owó ènìyàn lọ́wọ́. Bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì ṣeé ṣe kó pa àwọn tó ni ín lára, òfin náà ní kí a fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72 tí a mọ̀.

Bí nǹkan bá bàjẹ́

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú èyí, kí ẹ gbìyànjú tọ̀hún. Ẹ kọ́kọ́ dá ti àtijọ́ padà kí àwọn ènìyàn lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ:

cp -p default.conf.atijo default.conf

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì ní kí nginx tún un kà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá ìdí ìṣòro pẹ̀lú docker compose logs --tail 50 web, èyí tí yóò fi àádọ́ta ìlà tó kẹ́yìn hàn yín.

Bí ó bá jẹ́ ìṣètò SSH ni ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ẹ ṣí terminal méjì. Ẹ ṣe iṣẹ́ nínú ọ̀kan, ẹ má sì pa á dé. Ẹ lo èkejì láti dán an wò bóyá ẹ ṣì lè wọlé. Bí kò bá jẹ́ kí ẹ wọlé, terminal àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹni tó pa á dé kó tó dán an wò lè di àlejò sí sáfà ara rẹ̀.

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀dà, àfiwé àti àyẹ̀wò kì í gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ fi òógùn rẹ̀ kó jọ, èsì ìdánwò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti káàdì aláìsàn wà lẹ́yìn àwọn ìlà kéékèèké wọ̀nyí, àwọn tó ni wọ́n kò sì ní mọ̀ láéláé pé ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣọ́ wọn.